Ìgbà wo ló yẹ ká ra tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó bí owó ọwọ́ ò bá pọ̀?

Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé báyìí, ìpè kan náà ni mo máa ń gbà. Ẹnì kan nínú àwọn tí a jọ ń tọ́jú àgbàlagbà níbi iṣẹ́, tàbí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ sílé ní Kérésì. Ìgbà wo ni tíkẹ́ẹ̀tì máa wálẹ̀?" Ó máa ń ṣòro fún mi láti dáhùn, torí mo mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì kì í sábà wálẹ̀ mọ́ tí oṣù Kẹwàá bá ti dé. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ òru san owó ilé, tó tún ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù, kò yẹ kó san iye gegele bẹ́ẹ̀ kìkì nítorí pé ẹnikẹ́ni ò tètè là á yé e. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni mo mọ̀ dáadáa, òun náà ni mo máa sọ. Ẹni tó ń gbéra láti Manchester tàbí Houston á rí ohun tó lè mú lò níbẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ àràmàǹdà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan á ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dáa láti rà. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ fi Incognito wá a kí kọ̀ǹpútà má bàa dá yín mọ̀. Mo ti gbìyànjú méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò rí èrè kankan níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo máa ń rà ni ọjọ́ tí nǹkan mẹ́ta bá pàdé: ọjọ́ ìrìnàjò ti fìdí múlẹ̀, owó ti pé lọ́wọ́, iye tí wọ́n ń pè kò sì ju èyí tí mo ti fẹnu ara mi dá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ fìdí múlẹ̀ ná

Ibi tí mo ti ń rí i tí owó àwọn èèyàn ń ṣòfò jù ni ibi àyípadà ọjọ́. Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìsìnkú bàbá ọkọ mi, wọ́n dá ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejì, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an torí mo rò pé mo gbọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè láti Ìbàdàn: "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o, ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ti gba òkú mìíràn sí ọjọ́ yẹn. A ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un." Owó àyípadà, pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti tuntun, jẹ́ £210. Oúnjẹ oṣù kan ló lọ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹbí bá ti dá ọjọ́ ìnáwó, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi wọ́n: Ṣé ẹ ti san owó gbọ̀ngàn? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ti kọ orúkọ yín sílẹ̀? Ṣé ẹ ti ra aṣọ ẹbí? Bí wọ́n bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì nínú rẹ̀, ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi dá a, ẹ ní sùúrù.

Àjọ̀dún náà ò rí bákan náà. Kérésì kò kúrò lójú kan. Àjíǹde ń yí, àmọ́ a mọ ọjọ́ rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ ṣáájú: ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni ti 2026, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ni ti 2027. Iléyá ló gba ìṣọ́ra, torí òṣùpá ló ń darí rẹ̀, ó sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti èṣí lọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí ní 2025. Ìṣirò fi ti 2026 sí nǹkan bí ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ ń lọ Ojúde Ọba, tí í wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gúnlẹ̀ ní àìsùn ọdún. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí òṣùpá bá fi yẹ̀ lè sọ yín di ẹni tó ń san owó àyípadà.

Lẹ́yìn ẹbí, ó kan ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ní Britain, òfin fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ 28 líìfù lọ́dún, àmọ́ òfin náà kò sọ pé oṣù Kejìlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, gbogbo wa la ń du Kérésì. Ẹ béèrè ní oṣù Kìíní tàbí Kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn wá nínú íméèlì. "Kò burú, a máa wò ó" kì í ṣe líìfù.

Ẹ wo páspọ́ọ̀tù gbogbo ẹni tó ń lọ. Mi ò kì í san kọ́bọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì bí páspọ́ọ̀tù ẹnì kan bá kù díẹ̀ sí oṣù mẹ́fà tó máa parí, torí ìsọdọ̀tun ní iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà lè pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ tó bá jẹ́ páspọ́ọ̀tù Britain nìkan ló ní nílò físà Nàìjíríà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba e-Visa láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2025, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò yín. Bí ẹ bá sì ti gba páspọ́ọ̀tù tuntun, ẹ so ó mọ́ àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba Britain tó ń rí sí físà, kí ẹ tó kúrò nílùú. BRP, káàdì ìgbélùú Britain, ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìparí 2024, eVisa ti Britain (kì í ṣe ti Nàìjíríà) ni wọ́n ń wò ní Ìkẹjà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọ bàálù padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dá iye tí agbára yín ká kí ẹ tó wo iye tí wọ́n ń pè

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí fóònù, iye tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa di òṣùwọ̀n yín: bó bá jẹ́ £900 ni ẹ rí lónìí, £820 ọ̀la á dà bí ọrẹ-àánú, bẹ́ẹ̀ £650 ni apá yín ká.

Ẹ mú ìwé. Ẹ kọ gbogbo owó tí ẹ lè ná lórí ìrìnàjò náà látòkèdélẹ̀. Kí ẹ wá yọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Heathrow tàbí Gatwick kúrò nínú rẹ̀, àti owó ẹrù, owó mọ́tò láti Ìkẹjà dé ilé, aṣọ ẹbí, àti owó tí ẹ máa fi sọ́wọ́ àwọn àgbà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe nǹkan tí à ń fojú di. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo owó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó wá ń yá owó lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ní Òṣogbo kó lè rí nǹkan fi kí àwọn òbí ọkọ rẹ̀. Iye tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni iye tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ fi ilà sí i nídìí.

Ẹ má fi tíkẹ́ẹ̀tì wé tíkẹ́ẹ̀tì láìka ẹrù mọ́ ọn. Ká sọ pé ọ̀kan jẹ́ £590 láìsí àpò kankan nínú ikùn bàálù, èkejì jẹ́ £680 pẹ̀lú àpò méjì tó jẹ́ kílò 23 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní láti san £60 lórí àpò kan ní àlọ, àti £60 ní àbọ̀, ti £590 ti di £710 pẹ̀lú àpò ẹyọ kan. Àwa tí a mọ bí ẹrù Kérésì ṣe ń rí mọ̀ pé àpò kan kì í tó.

Owó orí wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ìjọba Britain ń gba Air Passenger Duty lórí gbogbo ẹni tó bá gbéra níbí. Fún Èkó, ní economy (ìjókòó tó rọ̀ jù), ó jẹ́ £90 títí di ìparí oṣù Kẹta 2026, ó sì di £102 láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2026. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í san án ní economy. Nítorí náà ẹ fi ọjọ́ orí àwọn ọmọ sí i bó ṣe rí gan-an. Má ṣe kọ ọmọ ọdún 14 bí àgbàlagbà torí pé fọ́ọ̀mù náà rọrùn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ejẹ́ǹtì ló ń rà á, ẹ ní kó fi àkọsílẹ̀ owó orí hàn yín. GB ni àmì owó yìí. Bí GB bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì economy ọmọ ọdún 10, ẹ pè é padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ìhà tí èrò ń kọjú sí

Bàálù dà bí mọ́tò ọjà: ìgbà tí gbogbo ayé ń lọ sápá kan ni ó máa ń gbówó lórí sápá náà. Ní oṣù Kejìlá, èrò ń ti Lọ́ńdọ̀nù wọ́ lọ Èkó. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì oṣù Kìíní, gbogbo wọn ló ń wọ́ bọ̀. Ẹni tó ń ti Èkó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní àárín oṣù Kejìlá ń kọjú sí ibi tí èrò ti ń bọ̀, ó sì sábà máa ń rí àyè. Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ló yẹ kí ó sá fún, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń darí ìsinmi bọ̀.

Fún àwa tí a ń gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 10 sí 23 oṣù Kejìlá ló le jù. Bí líìfù yín bá gbà, ẹ lọ ní òpin oṣù Kọkànlá tàbí ní àwọn ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá. Bí kò bá gbà, ẹ wo ọjọ́ 24 àti ọjọ́ Kérésì gan-an. Mo ti lọ lọ́jọ́ Kérésì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bá wọn jẹ ìrẹsì alẹ́ nílé. Àbọ̀ tó bá kọjá ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ń tu èèyàn lára. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú máa ń rọ̀ ju Ẹtì àti Àbámẹ́ta lọ, ọjọ́ tí ẹ máa *fò* ni mò ń sọ o, ìyẹn yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹ máa rà á.

Àwọn òbí á bi mí nípa kí wọ́n mú ọmọ kúrò níléèwé kí ìsinmi tó dé. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ tòótọ́tòótọ́. Ní England, láti oṣù Kẹjọ 2024, ọmọ tó bá pa ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún jẹ láìgbàyè lè mú kí wọ́n bu owó ìtanràn lé òbí: £80 lórí ọmọ kan, lọ́wọ́ òbí kan, bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21, lẹ́yìn ìyẹn ó di £160. Òbí méjì, ọmọ méjì, £320 nìyẹn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, £160 ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi, mi ò fara mọ́ kí ọmọ pa ẹ̀kọ́ jẹ torí tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kódà ẹni tí kò rí i bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ £320 sí ìṣirò rẹ̀ kó tó sọ pé òun jèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìjókòó

Apá yìí ló là mí lójú jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ìjókòó economy inú bàálù kan kì í jẹ́ iye kan náà. Wọ́n ti pín in sí àpótí-àpótí tí wọ́n fi lẹ́tà pè. Àpótí tó rọ̀ jù ní ìjókòó díẹ̀. Bí wọ́n bá ti tà á tán, èyí tó tẹ̀ lé e ló kàn, bẹ́ẹ̀ ni iye ń gòkè ní àkàbà. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù máa ń ṣí títà ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá sí ọdún kan ṣáájú. Bí bàálù kan kò bá tètè kún, wọ́n lè dá díẹ̀ padà sí àpótí ìsàlẹ̀. Fún oṣù Kejì tàbí oṣù Kọkànlá, èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Fún ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá sí Èkó, kí ló máa mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n mọ̀ pé a ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: fún Kérésì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti oṣù Kejì, kí ẹ sì rà á kí oṣù Keje tó parí, mo ní kí ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù Kẹsàn-án rárá. Fún Àjíǹde àti Iléyá, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú. Fún ìgbà tí kò sí àjọ̀dún, oṣù méjì sí mẹ́rin ti tó, ẹ má sì fi ìbẹ̀rù rà á ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú.

Ẹ̀kọ́ kejì wà fún ẹni tó ní ìdílé. Bí ẹ bá wá tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́rin pa pọ̀, tó sì jẹ́ pé ìjókòó méjì ló kù nínú àpótí tó rọ̀, ọ̀pọ̀ ìkànnì á gbé gbogbo ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí tó wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wá a fún ẹnì kan. Bí iye rẹ̀ bá kéré sí ti mẹ́rin tí a pín sí mẹ́rin, ẹ ra méjì-méjì: òbí kan pẹ̀lú ọmọ kan, òbí kejì pẹ̀lú ọmọ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ pe iléeṣẹ́ bàálù kí wọ́n so ìwé méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ dá wà nínú ìwé tirẹ̀.

Ìkẹta ni pé ìdíje ń já iye wálẹ̀. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2024, tí wọ́n sì ń ta àlọ àti àbọ̀ ní ₦1.2 mílíọ̀nù, àwọn tó ti ń ná ọ̀nà náà tipẹ́ já iye tiwọn wálẹ̀ ní Èkó. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹlòmíràn fẹ́ wọ ọ̀nà yìí, tí ọjọ́ yín ṣì jìnnà, ẹ lè dúró díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣọ́ iye fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí àjọ sì bá a dọ́gba

Ẹ lọ sí Google Flights, ẹ fi LON sí ibi ìgbéra kó lè wo gbogbo pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ fi LOS sí ibi ìgúnlẹ̀. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà kí ẹ rí bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń pè, kí ẹ sì tẹ ibi tí wọ́n á ti máa fi íméèlì ránṣẹ́ bí iye bá yí. Skyscanner náà ń ṣe é. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa kọ iye sínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ti mọ èyí tó jẹ́ iye gidi àti èyí tó jẹ́ ariwo.

Ẹ wo àwọn tó ń lọ tààrà láti Heathrow àti Gatwick, tó ń lò tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀, kí ẹ tún wo àwọn tó ń yà lọ́nà: Casablanca, Cairo, Istanbul, Addis Ababa. Àwọn tó ń yà sábà máa ń rọ̀, àmọ́ ẹ ka wákàtí tí ẹ máa fi jókòó dè é, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà. Ẹni tó ń lo páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó bá fẹ́ gba Paris, Amsterdam tàbí Frankfurt kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ bàálù bóyá ó nílò físà ìkọjá, torí Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti fi dọ́gbọ́n so wọ́n pọ̀: bí èkíní bá pẹ́, ẹni tó ni èkejì ò jẹ yín ní gbèsè.

Accra ńkọ́? Àwọn kan máa ń fò lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Nǹkan bíi kìlómítà 460 ni, ẹ máa gba Togo àti Benin kọjá, ibodè mẹ́ta ni, pẹ̀lú ẹrù Kérésì. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ lọ́wọ́ nímọ̀ràn rẹ̀. Cotonou ló yẹ àwọn ará wa láti Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sakétẹ́, ọ̀nà ilé wọn tààrà nìyẹn.

Báyìí ó kan owó. Ọ̀pọ̀ wa ló ń dá àjọ, a kì í sì í ronú pé oṣù tí a máa kó o ló máa pinnu iye tí a máa san lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gba nọ́ńbà oṣù Kọkànlá, oṣù Kọkànlá ni ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì, ìgbà tó wọ́n jù lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń pín nọ́ńbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ bẹ olórí àjọ fún oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, kí ẹ sọ ìdí fún un. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan ṣe pàṣípààrọ̀: ó fẹ́ ra aṣọ ọmọ ní ìparí ọdún, mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárín ọdún, inú àwa méjèèjì dùn. Gbígba owó èlé láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kò tọ́, àfi bí ìṣirò bá fi hàn kedere pé èlé náà kéré sí iye tí tíkẹ́ẹ̀tì máa fi gòkè kí owó yín tó dé, tí ẹ sì mọ ọjọ́ tí ẹ máa san án tán.

Ẹ̀dínwó ńkọ́? Black Friday máa ń dé ní ìparí oṣù Kọkànlá, ti ọdún tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì Kérésì. Ẹ ka ọjọ́ ìrìnàjò tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: ìgbà tí bàálù ń ṣófo ni wọ́n máa ń fẹ́ tà, bí oṣù Kejì tàbí oṣù Karùn-ún. Ẹ má dúró de Black Friday fún Kérésì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ ìpinnu

Ẹ gbé iye tí ẹ kọ gàdàgbà jáde. Bí iye tó wà lójú ìkànnì bá bá a dọ́gba tàbí ó kéré sí i, tí ọjọ́ ti fìdí múlẹ̀, ẹ rà á lọ́jọ́ náà. Ẹ má ní "bóyá lọ́la á tún já £30". Bí ó bá fi díẹ̀ ju tiyín lọ, tí àkókò tí mo sọ lókè ṣì wà níwájú, ẹ sún ọjọ́ yín sí iwájú tàbí sẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà kí ẹ tó sún iye yín sókè. Bó bá ju agbára yín lọ pátápátá tí àkókò sì ti lọ, ẹ gbé ìrìnàjò náà sí oṣù Kejì. Mo ti ṣe é. Ìyá mi ò bínú. Ó ní òun rí mi jẹun pẹ̀lú dáadáa torí pé àlejò Kérésì ti lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ bọ́tìnì, ẹ wo orúkọ. Èyí tó wà nínú páspọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ. Obìnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbi iṣẹ́, tí páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá, kó má ṣe gbàgbé èyí, torí àtúnṣe orúkọ ń náni lówó.

Ó dáa jù kí ẹ rà á lórí ìkànnì iléeṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi credit card san án bí ẹ bá ní: lábẹ́ Section 75 nínú òfin àwìn Britain, ohun tó bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, báńkì náà ní ẹjọ́ jẹ́ bí ẹni tó tà á kò bá mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ san gbèsè káàdì náà tán kí èlé tó wọlé. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù kan máa ń gbà kí ẹ fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 24. Ẹ ka àdéhùn tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù ní ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìrìnàjò, àfi bó bá jẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí ẹ fi pa mọ́ fún wákàtí 24 láìsanwó.

Ejẹ́ǹtì kì í ṣe ọ̀tá. Ejẹ́ǹtì rere lè rí iye tí ẹ̀yin ò rí, àwọn kan sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹ béèrè ATOL, ètò tó ń dáàbò bo owó arìnrìn-àjò ní Britain, lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé ìfipamọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì. Àmì mẹ́fà, lẹ́tà àti nọ́ńbà, tí wọ́n fún yín, ìfipamọ́ lásán ni. Ó lè kú lóru. Tíkẹ́ẹ̀tì gidi ní nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ ẹyọ òǹkà 13. Bí ẹ bá ti sanwó tán tí ejẹ́ǹtì ò lè fi nọ́ńbà gígùn yẹn hàn yín, ẹ má kúrò lọ́ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tí mo mọ̀ kan dé pápákọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ mẹ́ta, àmì mẹ́fà nìkan ló mú dání. Wọ́n ò rí i nínú kọ̀ǹpútà.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì

Gbogbo èyí ò wúlò bí fóònù bá dún lóru pé ẹnì kan ti lọ. Bó bá jẹ́ ìdílé mùsùlùmí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sìnkú kí ẹ tó dé Heathrow. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi tìfẹ́tìfẹ́ pé kí wọ́n bi ẹbí bóyá kí wọ́n wá fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ tàbí ogójì. Ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn lè já iye wálẹ̀ gan-an, ẹ sì máa wà níbẹ̀ nígbà tí ilé bá ti dákẹ́ tí ìyá nílò ẹni tí yóò jókòó tì í. Àmọ́ bí ọkàn yín bá ní kí ẹ lọ lónìí, ẹ lọ. Ẹ wo àwọn tó ń yà lọ́nà, kí ẹ sì bi wọ́n ní iye àlọ àti àbọ̀ tó ṣeé yí padà, torí àlọ nìkan lè wọ́n bí àlọ àti àbọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á

Ẹ pa íméèlì ìṣọ́ iye yẹn. Bó bá já wálẹ̀ lọ́la, ìbànújẹ́ lásán ni yóò fún yín.

Ẹ máa yẹ ìwé yín wò lórí ìkànnì iléeṣẹ́ bàálù lóṣooṣù, wọ́n lè yí wákàtí padà. Bí wọ́n bá fagi lé ìrìnàjò tó ń gbéra ní Britain, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ yan owó yín tàbí bàálù mìíràn. Bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá lè lọ mọ́, tí tíkẹ́ẹ̀tì náà kì í dá owó padà, ẹ ṣì béèrè Air Passenger Duty padà. Ìjọba kì í gba á lórí ẹni tí kò fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ bàálù lè yọ owó iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ẹ má sì fo apá àkọ́kọ́ tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ rò pé ẹ máa lo àbọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á fagi lé ìyókù.

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi nọ́ńbà bàálù àti wákàtí ìgúnlẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín ní Ìkẹjà. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni ẹ máa dé tí ilé sì jìnnà, Ìbàdàn, Iléṣà, Ìlọrin, ẹ ti bá àbúrò kan ní Èkó sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa sùn. Ẹ má gba òru náà lọ. Ìyá á dúró di àárọ̀.